Ọ̀gá Lóṣòó sí Ẹnu Ọ̀nà Wa

Ọmọ mi, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kó o máa kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò yé èmi gan-an títí dòní. Bóyá ó máa yé ìwọ.

Sábó Gàrí la wà, ní Kánò níbí, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Bàbá àgbà ẹ ń bá Ìjẹ̀ṣà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ṣiṣẹ́, òun ló máa ń bá a ṣí i láràárọ̀. Ọ̀gá á fún un láṣọ, á gbé e sórí kẹ̀kẹ́, á lọ tà á láwìn fáwọn ará wa káàkiri. Tó bá dìgbà owó, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ gbèsè. Kò ní jókòó, kò ní jẹun, àfi tí wọ́n bá sanwó. Ìdí tí wọ́n fi ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ ní Òṣómàáló nìyẹn. Tó bá ti dé, èmi ni mo máa ń fi àdí ra á lórúnkún.

Ó wá fẹ́ dá òwò tiẹ̀ ṣe. Ó yá owó lọ́wọ́ ọ̀gá, ó tún gba ẹ̀pà láwìn lọ́wọ́ Alhaji kan. Òjò wọnú àpò, gbogbo ẹ̀pà bu. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbèsè nínú owó oṣù ẹ̀, títí èyí tó ń mú wálé ò fi tó ra gàrí. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kó lọ sí kóòtù, pé òfin wà fún ẹni tí gbèsè bá bò mọ́lẹ̀.

Kóòtù gba kẹ̀kẹ́ ẹ̀, wọ́n gba bẹ́ẹ̀dì onírin, wọ́n tà wọ́n, wọ́n pín owó ẹ̀ fáwọn olówó. Adájọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má bèèrè èyí tó kù mọ́, kí ọ̀gá sì máa san owó oṣù ẹ̀ pé. Alhaji ní, "Sai haƙuri," pé sùúrù ló kù, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀gá kàn dé fìlà ẹ̀, ó jáde.

Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí mo ṣílẹ̀kùn, ọ̀gá ló lóṣòó síbẹ̀ yẹn. Tó bá lé bàbá àgbà ẹ níbi iṣẹ́, kí la fẹ́ máa jẹ? Mo kúnlẹ̀, mo sáré gbé àpótí wá.

"Ẹ jókòó, sà."

"Òṣómàáló kì í jókòó, ìyàwó."

Obìnrin tó wà ní yàrá kejì bú sẹ́rìn-ín. "Àpótí lo gbé fún olówó! Ò bá kúkú tẹ́ ẹní fún un, kó lè pẹ́ dáadáa!"

Bàbá àgbà ẹ jáde. "Ọ̀gá, ṣebí kóòtù ti ní..."

"Ṣé mo bèèrè owó ni? Kóòtù ní n má bèèrè. Wọn ò ní n má lóṣòó."

"Gbèsè yẹn ti kú, sà."

"Ó kú? Ta ló sin ín?"

Ọkùnrin tó ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àìmọye èèyàn ò mọ ohun téèyàn ń ṣe tí wọ́n bá lóṣòó sí tiẹ̀. Ó wo ọ̀gá, ó wò mí, lòun náà bá lóṣòó síwájú ẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn bí àkùkọ méjì. Oòrùn ń mú. Mo dúró ti àpótí mi, mi ò mọ ẹni tí ǹ bá gbé e fún.

Orúnkún ọ̀gá ló kọ́kọ́ kọ̀, àgbà ti dé sí i. Ó nawọ́, bàbá àgbà ẹ fà á dìde. Ó gbọn ṣòkòtò ẹ̀.

"Ta lo fẹ́ kó bá ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù?"

Bí iṣẹ́ ò ṣe bọ́ nìyẹn. Owó oṣù sì pé. Àmọ́ ọ̀gá ò gbé aṣọ fún un ròde mọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù ló ń wọn aṣọ fáwọn oníbàárà. Tó bá wọ̀n ọ́n tán, ọ̀gá á gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹ̀, á tún un wọ̀n. Mo fojú ara mi rí i lọ́jọ́ tí mo gbé oúnjẹ lọ.

Nígbà tí bàbá àgbà ẹ délé, mo bi í, "Ṣé a ṣì jẹ ọ̀gá ní gbèsè ni?"

"Kóòtù ní a ò jẹ ẹ́."

"Ọ̀gá ńkọ́?"

Ó ní kí n wá bá òun fi àdí ra orúnkún. Mo rà á. Ẹni tí kò lóṣòó fún ẹnikẹ́ni mọ́, kí ló tún ń dùn ún níbẹ̀?