Ẹ̀kúnwọ́ Ẹrẹ̀ Kan

Bàbá Alẹ́rẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọdún méjìlélógún ló fi ru ẹrẹ̀ láti etí òkun wá sí ilé ìwádìí, tó ń dà á sínú àpótí gíláàsì fún àwọn tó kàwé. Wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ilé náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Iṣẹ́ ló ni yàrá. Bí iṣẹ́ bá lọ, yàrá lọ.

Àpótí mẹ́ta. Ẹrẹ̀ nínú ọ̀kan, iyanrìn kúnná nínú ìkejì, òkúta wẹ́wẹ́ nínú ìkẹta. Edé kọ̀ọ̀kan nínú wọn, irú èyí tó ń gbẹ́ ihò gbé. Dókítà tó ni ìwádìí náà fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ti inú ẹrẹ̀ ti wọlẹ̀ kí tíì Dókítà tó tutù. Ó ń gbẹ́, ó ń jẹ. Ti inú iyanrìn ń fi itọ́ rẹ́ ògiri bíi birikilà. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ihò dúró.

Ti inú òkúta? Ó gbẹ́. Ó wó. Ó tún gbẹ́.

"Dókítà, èyí máa kú o."

"Ẹ jẹ́ ó kú, Bàbá. Ọjọ́ tó máa kú gan-an ni mo fẹ́ mọ̀."

Akọ̀wé Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ ni?"

"Orúkọ rẹ ni. Àmọ́ òun ń ṣiṣẹ́."

Lọ́jọ́ karùn-ún, edé náà dùbúlẹ̀ sórí òkúta. Ẹsẹ̀ méjì ti já. Kò sẹ́nì kankan nítòsí. Bàbá Alẹ́rẹ̀ ki ọwọ́ bọ garawa. Ẹ̀kúnwọ́ ẹrẹ̀ kan péré. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ sáàárín òkúta.

Kò béèrè rí ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé wọn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, edé ti rẹ́ ògiri. Inú Dókítà dùn débi pé ó pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá wò ó. Ọ̀kan nínú wọn fi ṣíbí ha ògiri ihò náà.

"Níbo ni ẹrẹ̀ yìí ti wá?"

Bàbá Alẹ́rẹ̀ gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ni, sà. Àánú ló ṣe mí."

Dókítà kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣètò èyí, Bàbá. Oṣù mẹ́jọ lẹ dà nù yẹn."

Ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Iṣẹ́ tó kù fún un ni kó fọ àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó da méjì. Nínú ìkẹta, ihò ṣì dúró, ìwo edé ń mì lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó dà á.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀pá lórí itan.

"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún wa?"

"Mẹ́ta."

"Nítorí edé."

"Nítorí edé."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Kò ṣáà kú?"

Ọkọ rẹ̀ ń di ẹrù. Kò gbójú sókè.

"Mo dà á nù lónìí."