Èjìká Ọ̀tún Sàlàkọ́

Ní ilé ìlagi kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ènìyàn méjì ló ń gbé pákó kan. Ọ̀kan á wà níwájú, ìkejì á wà lẹ́yìn, èjìká kan náà ni àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ lò, kí pákó lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀. Sàlàkọ́ ló máa ń wà lẹ́yìn Síkírù. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, èjìká ọ̀tún sì ni tiwọn.

Ní ọdún 1983, alùpùpù gbé Sàlàkọ́ ṣubú lọ́nà Ìmùṣin. Eegun tó dábùú láti ọrùn dé èjìká ọ̀tún ṣẹ́ sí méjì, ṣóńṣó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gún awọ yọ. Oníṣègùn eegun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ bá wò ó, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn kan ní kò sí oníṣègùn eegun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n la ibẹ̀, wọ́n to eegun pọ̀, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ dè é, wọ́n sì yí ìṣó mẹ́fà wọnú eegun. Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé wọ́n ti fi irin rọ́pò eegun rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eegun wà níbẹ̀; irin kàn dì í mú kó lè so pọ̀ ni.

Ó so pọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ awọ gan-an ni irin náà wà, níbi tí pákó ń jókòó lé. Sàlàkọ́ ká òṣùká méjì lé e, ó ṣì ń dùn ún. Ó gbìyànjú èjìká òsì, ṣùgbọ́n Síkírù kò mọ òsì lò. Pákó ọ̀mọ̀ kan yí mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì kù díẹ̀ kó já lé Síkírù lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá ní kí Sàlàkọ́ máa kó ìyẹ̀fun pákó. Síkírù sọ fún un pé òun á dúró dè é títí di Iléyá ọdún 1985; bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun á mú ẹlòmíràn.

Ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n yọ irin. Dókítà sọ fún un pé, “Ojú ihò ìṣó mẹ́fà ṣì wà lára eegun yín. Ẹ má gbé ẹrù fún oṣù mẹ́rin.” Sàlàkọ́ ní òun gbọ́.

Gbogbo àwọn ará ilé ìlagi ló mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ẹ̀rún igi tó bá gún ni lọ́wọ́. Bí ẹ̀rún bá ti jáde, ọwọ́ á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ojú yẹn ni wọ́n fi wo irin Sàlàkọ́. Àṣìṣe ni. Ẹ̀rún igi kì í di ara mú.

Ràmọ́tà ìyàwó rẹ̀ rán an létí: “Bàbá Fàtímọ̀, oṣù mẹ́rin ni wọ́n wí.” Ó ní ojú ọgbẹ́ ti jiná.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, ó bọ́ sẹ́yìn Síkírù. Wọ́n gbé pákó àfàrà mẹ́ta, kò sí nǹkan. Síkírù ní ìyẹ̀fun pákó ti mú un sanra, àwọn tó kù sì rẹ́rìn-ín. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, Sàlàkọ́ gbọ́ ìró kékeré kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná. Kò pariwo. Ó dúró títí Síkírù fi ní kí wọ́n jù ú, wọ́n sì jù ú sí ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ló jókòó.

Ojú ihò ìṣó kan ni eegun ti ṣẹ́. Wọ́n fi irin mìíràn dè é, Dókítà sì ní kó má gbé pákó mọ́ láé.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Síkírù mú ọsàn wá kí i ní ilé ìwòsàn. Sàlàkọ́ ló kọ́kọ́ béèrè.

“Ta ló wà lẹ́yìn?”

“Bọ́dúnrìn ni.”

“Ó ga jù ọ́ lọ.”

“Ó máa ń tẹ̀ díẹ̀.”

“Ọ̀tún ni?”

“Ọ̀tún ni.”

Sàlàkọ́ ní ó dára. Síkírù bó ọsàn kan fún un, nítorí ọwọ́ kan kò lè bó o. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́ sára aṣọ ibùsùn. Ó ní kí Síkírù sọ fún Bọ́dúnrìn pé kó má máa wo ilẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn ẹni iwájú ni kó máa wò. Síkírù ní òun á sọ fún un.