Fọ́ọ̀mù Tí Kò Padà Sí Àdúgbò

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ọ̀gá mi, ìṣojú mi sì ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe. Òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásitì tó ń rí sí àjọṣe wa pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò. Òun ló mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin máa gba àwọn ayálégbé nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, òun ló sì ṣí ilé ìkàwé wa fún gbogbo ará ìta lọ́jọ́ Sátidé. Bàtà kì í pẹ́ gbó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ a ní bí òun bá fẹ́ rí ìyàwó òun, àfi kí òun náà lọ dá ẹgbẹ́ aládùúgbò sílẹ̀.

Nígbà tó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, ilé ìtọ́jú aláboyún ló ń wá lójú méjèèjì, lórí ilẹ̀ yunifásitì tó wà lẹ́yìn ògiri wa. Ìgbìmọ̀ yunifásitì ní àwọn ará àdúgbò ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi ìgbọ́kọ̀sí làwọn máa fi ilẹ̀ náà ṣe.

A tọ alága àdúgbò lọ, aránṣọ kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Aṣọ ló ń gé, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà làwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ti wá bi wá ní ìbéèrè kan náà," ló wí. "Ẹ mélòó lẹ wà nínú ilé? Níbo lẹ ti ń gba ìtọ́jú? A sọ ọ́ títí ẹnu wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Níbo lẹ wá kó ìdáhùn wa lọ? Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan."

"Màmá, ẹ fún mi lọ́jọ́ díẹ̀," ọ̀gá mi dáhùn.

Inú bí mi. Ṣé bí wọ́n ṣe ń gba olóore lálejò nìyẹn? Ọ̀gá mi ní kí n panu mọ́, kí n lọ wá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìwé àtijọ́.

Ọjọ́ méjì la fi tú u, eruku fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nísàlẹ̀ pátápátá la ti rí fọ́ọ̀mù ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lọ sí àdúgbò náà, ti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, nígbà tó ń kàwé gboyè dókítà. Ó ka ojú ìwé kan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àṣegbé kan ò sí," ló wí, "àṣepamọ́ ló wà." Ó sì sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e tọ aránṣọ lọ, èmi náà tẹ̀ lé e. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n rárá.

"Màmá, èmi ni mo kọ́kọ́ wá. Ìdáhùn yín ni mo fi gboyè tí wọ́n fi ń pè mí, mi ò sì padà wá. Mo jẹ̀bi."

Ó wá ka ohun tí ọkọ aránṣọ náà, tó ti di olóògbé, sọ nígbà yẹn: "A fẹ́ nọ́ọ̀sì nítòsí. Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù keje, ilé ìwòsàn sì jìnnà."

Aránṣọ gbé àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ojú ọ̀nà ni mo bí i sí," ló wí. "Kò ké."

Ojú tì mí pé mo ti bínú sí i. Aránṣọ nawọ́ gba bírò.

"Kì í ṣe nítorí tiyín ni mo ṣe ń fọwọ́ sí i o," ló sọ fún ọ̀gá mi. "Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, àdúgbò yìí náà ni wọ́n ń gbé."