Ọjọ́ Tí Irú Wọ Ilé Bàbá Ẹ̀yìn Ilé Wa

Òórùn ẹ̀wà tó ń jóná ló lé mi kúrò lórí ẹní láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí mo ṣì kéré. Kì í ṣe ilé wa ló ti ń wá, torí ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹ̀wà jóná. Ilé bàbá tó wà lẹ́yìn ilé wa ni, èéfín sì ń jáde lójú fèrèsé rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń sungbó nínú yàrá. Mo gbọ́ tí ṣíbí irin ń ha ìdí ìkòkò, kará, kará, tí ẹni tó ń ha á sì ń kùn sí ara rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, bàbá náà wà lórí àpótí, omi ń dà lójú wọn, wọ́n fi orúnkún méjèèjì há ìkòkò mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fá irun ọmọ tó ń jà.

Wọ́n bu díẹ̀ sínú abọ́ fún mi. Mo fi sẹ́nu, mo sì tu ú dànù.

"Bàbá, ó ti jóná."

"Mo mọ̀ pé ó jóná. Yàtọ̀ sí jíjóná ńkọ́?"

Mo sọ fún wọn pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, pé àlùbọ́sà inú rẹ̀ kò tíì jinná, pé wọn kò sì ṣa òkúta inú rẹ̀. Bàbá náà gbé ìkòkò sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó wọn, n kò gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu wọn rí.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ahọ́n mi, torí kò sí èkejì rẹ̀ ní gbogbo Odigbo. Epo pupa ni mo ń tà. Mo ń rà á lọ́wọ́ àwọn ará Ajue, níbi tí wọ́n ti bí mi, tí ilé bàbá náà sì wà, àti lọ́wọ́ àwọn ará Araromi-Obu, mo sì ń tà á ní Ore fún àwọn tó ń kó o lọ sí Èkó àti Benin. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó sá fún tíṣà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè po omi mọ́ epo kó tà á fún mi. Màá ti ìka bọ inú kẹ́ẹ̀gì, màá fi kan ahọ́n, màá sọ fún ọ bóyá ẹyìn náà ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sè é, àti bóyá inú àgbá tó ti dógùn-ún ni wọ́n ti sè é. Àwọn tó ń fún epo máa ń gbọ̀n bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí máṣíìnì mi. Ahọ́n yìí ló kọ́ ilé tí mò ń gbé.

Ahọ́n yìí kan náà ni ìyá mi ń tìtorí rẹ̀ nà mí ní kékeré. Bí wọ́n bá gé ilá gbàǹgbà-gbàǹgbà, n kò ní í fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, màá lá àwo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè, n kò fẹ́ rí i sójú. Bí wọ́n bá sun ún, n kò kọ̀ kí n jẹ ẹ́ mọ́ èèpo. Pupuru ni oúnjẹ tiwa, gbágùúdá tí wọ́n rẹ, tí wọ́n mọ róbótó, tí wọ́n sì fi èéfín gbẹ lókè ààrò. Wọ́n gbọ́dọ̀ fá èèpo dúdú ara rẹ̀ kí wọ́n tó gún un. Bí ẹni tó fá a bá ṣọ̀lẹ, tí mo rí ẹyọ dúdú kan nínú rẹ̀, ó parí nìyẹn. "Ṣé ààfin ni mo bí ọ sí ni?" ni ìyá mi máa ń bi mí, ohun tó bá sì wà lọ́wọ́ wọn á bá mi lẹ́yìn.

Àṣé bàbá ẹ̀yìn ilé wa burú jù mí lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbéyàwó, wọn kò jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá lọ sí ibi òkú ní ìlú míì, ebi ni wọ́n máa ń gbé bọ̀ wá sílé. Ìyàwó wọn wá kú nígbà òjò ọdún yẹn. Àwọn obìnrin àdúgbò ń gbé oúnjẹ wá, bàbá ń dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún ẹni tó gbé e wá, wọ́n á dé àwo padà, ewúrẹ́ á sì jẹ ẹ́. Ìyá mi ò gbà pé oúnjẹ tàwọn náà wà nínú èyí tí ewúrẹ́ ń jẹ, títí wọ́n fi rí i fúnra wọn. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní èmi àti bàbá yẹn, inú kan náà ló yẹ kó ti bí wa.

Bàbá gbẹ. Okùn ni wọ́n fi ń so ṣòkòtò mọ́ ìdí. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, Benin ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Nígbà tó wá wò wọ́n tó sì rí okùn yẹn, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: nígbà tí òun bá tún padà wá, bí òun bá bá okùn lára ṣòkòtò yẹn, òun ń kó ẹrù wọn lọ sí Benin ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní í bẹ òun. Kò sí ẹni tó bá a wí. Gbogbo àdúgbò rí i pé bàbá ń kú lọ.

Ohun tó mú ẹ̀wà jóná nìyẹn. Bàbá ò fẹ́ lọ. Oko kòkó wọn wà lẹ́yìn ilé, sàréè ìyàwó wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, àwọn èèyàn tí wọ́n jọ ń gbọ́ èdè ara wọn sì wà yí wọn ká. Wọ́n sọ ọ́ fún mi láàárọ̀ yẹn, èdè Ìkálẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, mo kàn ń kọ ọ́ bí gbogbo Yorùbá á ṣe kà á ni:

"Ògiri ni wọ́n fẹ́ kí n lọ máa wò ní Benin. Máa wá, ìwọ Ọlọ́fìn-íntótó. Bí ìwọ bá lè jẹ ẹ́, èmi náà á jẹ ẹ́."

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń bá wọn tọ́ ọbẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ti jù wá sílẹ̀ ní ilé-ìwé, ilé bàbá ni mò ń gbà lọ, àwọn ọjọ́ míì wà tí n kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n jù wá sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí n kò fi kàwé, ìdí rẹ̀ nìyẹn, n kò sì kábàámọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bàbá kò wo ọwọ́ ìyàwó wọn rí nídìí ààrò. Pálọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n etí wọn kò sùn. Wọ́n mọ̀ pé epo ìyàwó wọn kì í pariwo kí ata tó bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí ata bá ti dún ṣàà, ìyàwó wọn á kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan, ẹsẹ kìíní nìkan, kí omi tó wọ inú ìkòkò. Bàbá náà bá ń kọ orin yẹn nídìí ààrò, ohùn wọn ń há bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, èmi sì di abọ́ omi mú, mò ń retí kí ẹsẹ náà parí. Wọ́n ń fi etí sè é, mo ń fi ahọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Díẹ̀ díẹ̀, ẹ̀wà kò jóná mọ́. Ilá di wẹ́wẹ́. Pupuru wọn funfun bí òwú, torí bàbá ló ń fá a fúnra wọn níta gbangba, pẹ̀lú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la kòkó, wọ́n á sì gbé e sókè sí oòrùn kí n wá ẹyọ dúdú lára rẹ̀.

Mo ń jẹ ẹ́. Bàbá kò jẹ ẹ́. Wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní, "Ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun," wọ́n á gbé àwo sílẹ̀.

Ọbẹ̀ àpọ̀n ló wá di ìṣòro ńlá, torí òun ni ìyàwó wọn máa ń sè jù. A gún àpọ̀n, ó kúnná. A yọ́ epo, kò pariwo. A kọrin. A kò dé ìkòkò, kí ọbẹ̀ má baà kọ̀ láti fà. Ọbẹ̀ náà ń fà bí okùn. Ọjọ́ kan, bàbá tọ́ ọ wò, wọ́n fi ṣíbí sílẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ síbi tí sàréè wà. Mo rò pé ọbẹ̀ náà bàjẹ́. Mo tọ́ ọ wò, ó dára. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n jókòó.

"Kò ní í jọ ọ́ láéláé," ni wọ́n wí. "Ẹni tó ni ín ti gbé e lọ."

Mo bi wọ́n pé nínú ọbẹ̀ àpọ̀n, bí kì í bá ṣe ti ìyàwó wọn, èwo ló wù wọ́n. Wọ́n wá ní ìyá àwọn, tó bí àwọn, máa ń fi irú sí i, irú tó ń rùn gan-an, tí wọ́n fi ewé pọ́n. Ìyàwó wọn kò lè gba òórùn irú sára. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yẹn, irú kò wọ ibẹ̀ mọ́.

Bàbá lọ sí ọjà Ore, wọ́n ra irú bọ̀. Wọ́n gbé e kọ́ sí abẹ́ òrùlé níta, kò wọlé. Ó wà níbẹ̀ bí àlejò tí kò rí ẹni kí i káàbọ̀. Wọ́n á wò ó, wọ́n á wo ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n á tún wá nǹkan míì ṣe. Ó pẹ́ kí ọwọ́ wọn tó gbé e. Ọ̀sán kan báyìí, wọ́n já a, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dà á sínú epo. Ilé náà kún fún òórùn. Ọjọ́ yẹn, bàbá jẹ pupuru, wọ́n bù kún un, wọ́n fi ìka nu abọ́. Wọn ò ní kó jọ nǹkan kan. Oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ wọn dé láti Benin. Ó gbé báàgì ńlá tó ṣófo dání, tí yóò fi kó ẹrù bàbá. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó gba inú yàrá lọ, a ń gbọ́ tó ń tú aṣọ, tó ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Bàbá, obìnrin wo lẹ gbé wọ ilé ìyá mi?"

Bàbá wà nídìí ààrò, wọ́n di orógùn mú. Wọ́n fi orógùn náà kan àyà ara wọn.

"Òun rèé."

Ó ní kí wọ́n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ìyá òun kò tíì pé ọdún nínú ilẹ̀, irú ti ń rùn nínú ilé rẹ̀, ṣé àwọn èèyàn rò pé òun ò mọ̀ pé ọkùnrin kì í se ọbẹ̀ àpọ̀n ni? Ó kọjú sí mi, ó ní kí èmi ọmọ yìí sọ òótọ́, ta ló ń se oúnjẹ níbí. Mo ní bàbá ni. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Mo sọ ọ́ fún un bí ọkùnrin pé, "Àǹtí, èmi kì í jẹ oúnjẹ tí kò dára. Oúnjẹ bàbá ni mò ń jẹ."

"Ẹ sè é lójú mi," ló wí fún bàbá.

Wọ́n sè é. Ó ká ọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò. Nígbà tí epo yọ́, ó fẹ́ na ọwọ́ gba ṣíbí, bàbá rọra tì í kúrò. Nígbà tí ata dún, tí bàbá bẹ̀rẹ̀ orin yẹn pẹ̀lú ohùn burúkú wọn, mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ já sílẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ bàbá ní orin yẹn yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Irú wọlé, omi wọlé, àpọ̀n fà. Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a.

"Kò jọ ti ìyá mi."

"Kò jọ ọ́," ni bàbá dáhùn. "Ìyá rẹ gbé tiẹ̀ lọ. Tèmi nìyí."

Ó jókòó lórí àpótí. Ó ní, "Ṣé láti ọjọ́ yìí wá ni irú ti ń wù yín?"

"Ó ń wù mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ìyá mi?"

"Òórùn rẹ̀ máa ń fọ́ ìyá rẹ lórí," ni bàbá wí.

Wọ́n jọ jẹun. Lẹ́yìn tí bàbá ti jẹ tán, ọmọ wọn wo ìdí ṣòkòtò wọn. Okùn kò sí níbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pupuru ló fi kún báàgì rẹ̀ nígbà tó ń padà sí Benin. Inú ilé yẹn ni bàbá dúró sí títí ọjọ́ tiwọn fi pé, mo sì ti hu irùngbọ̀n kí ọjọ́ náà tó dé.

Gbogbo èèyàn ní Ore mọ̀ mí sí ẹni tó mọ epo, èyí kì í ṣe ohun tí mò ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí. Ṣùgbọ́n ohun tó kù sí mi lára láti ilé bàbá yẹn kì í ṣe ti epo. Ní ọdún tó kọjá, a ń jẹun alẹ́, mo ṣàdédé bi ìyàwó mi pé kí ni ohun tó wù ú tí kò tíì wọ ilé wa rí nítorí ẹnu mi. Ẹ wá ọkùnrin míì tó bi ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ore, ẹ ò ní í rí i. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ara mi yá. Lẹ́yìn náà ló wá ń yí ife omi rẹ̀ po lórí tábìlì.

"Ìgbín," ló wí.

Ìgbín ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà nílé bàbá rẹ̀. Èmi rèé, bí mo bá rí omi ara ìgbín lásán, màá dìde kúrò nídìí oúnjẹ ni. A ti bí ọmọ, a ti gbé ìyàwó fún àwọn ọkùnrin, a ti fa àwọn obìnrin fún ọkọ, kò sì dárúkọ rẹ̀ rí lójú mi.

Ní báyìí, ó ń sè é. N kò tíì jẹ ẹ́, n kò sì rò pé màá jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé e ka iwájú, n kì í dìde. Màá jókòó tì í, a ó máa sọ̀rọ̀ ọjà, títí á fi jẹ ẹ́ tán.