Fóònù Ọ̀gá Ní N Kò Sí Níbí

Wọ́n ní n kò wá síbi iṣẹ́. Èmi! Ọjọ́rú ni, mo sì ti jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀, fáìlì àwọn tíṣà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì kún iwájú mi.

Kábíńẹ́ẹ̀tì irin ti dí fèrèsé yàrá mi ní sẹkitéríàtì l'Ádó pátápátá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ọjọ́ tí wọ́n gba olúkúlùkù síṣẹ́ wò. Bí mo bá ṣi ọdún kan kà, tíṣà kan ní Ìgèdè ló máa jìyà rẹ̀. Ẹni tó ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í mira.

Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìyẹn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ funfun kékeré kan mọ́ àjà. Bí èèyàn bá wọlé, iná á tàn, fáànù á yí. Bí kò bá rí ẹni tó ń rìn, á pa gbogbo rẹ̀, àfi kéèyàn dìde dúró kó tó tún tàn. Ọ̀gá wa lókè sì ń rí i lórí fóònù rẹ̀, yàrá tó ní èèyàn àti èyí tó ṣófo. N kò ta kò ó o. Ojú mi báyìí ni fáànù ti máa ń fẹ́ fún àga lásán tẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kàwé lọ, ṣàdédé ni gbogbo yàrá á ṣú, ooru á sì bò mí. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n máa dìde juwọ́ sí i. Kí n máa juwọ́ sí àjà, ní ọjọ́ orí mi yìí? Mo ra tọ́ọ̀ṣì, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Tọ́ọ̀ṣì yẹn ló kó bá mi. Iná kò tàn ní yàrá mi fún wákàtí mẹ́ta, fóònù ọ̀gá sì sọ fún un pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ló bá kọ kúẹ̀rì sí mi, pé kí n ṣàlàyé ìdí tí n kò fi sí lẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti lò, kò sí kúẹ̀rì kan ṣoṣo nínú fáìlì mi. Ọdún tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tí irú ìwé yẹn máa ń dá sílẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ní yàrá kejì ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá, kọ́rọ̀ náà tán síbẹ̀. Kí n máa bẹ̀bẹ̀ pé mo wá síṣẹ́? Láéláé.

Mo kọ èsì, ojú ewé mẹ́rin gbáko, pẹ̀lú nọ́ńbà gbogbo fáìlì tí mo yẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn. N kò gbé e gòkè. Mo ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé ó wà lórí tábìlì mi, kó jọ̀wọ́ wá kà á níbẹ̀. Ó wá, ó fajú ro. Iná tàn fún un bó ti wọlé. Mo fún un ní àga mi, èmi jókòó sórí àpótí, mo ká ọwọ́ mi lé itan.

Ó fara balẹ̀, ó ń kà á. Ojú ewé kẹta ló wà tí iná fi kú.

Ó ní kí n jọ̀ọ́ dìde, kí iná lè tàn.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dìde, sà," ni mo wí. "Fóònù yín ní èmi kò sí níbí."

Ó dìde. Iná tàn. Níbi tó dúró sí náà ló ti kọ ọ́ sára kúẹ̀rì mi pé òun fà á padà.