Ehoro Tí Wọ́n Fẹ́ Tú

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó aránbàtà kọ̀, kò jókòó. Ó da àpótí ẹrù àbúrò rẹ̀ tó di olóògbé sórí ibùsùn, ó ń ṣa òwú inú rẹ̀ sínú báàgì.

"Mo ń hun fìlà tà," ó ní. "Ìwọ, kí lo fẹ́ fi òwú ṣe? Ṣé wàá hun fìlà fún bàtà ni?"

Aránbàtà jókòó ti àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, inú yàrá yìí ló ti ń rán bàtà.

Obìnrin náà wá mú ehoro kékeré kan jáde, òwú funfun ni wọ́n fi hun ún, ìdí rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

"Ọmọláńgidi! Nílé tí kò sọ́mọ!"

Aránbàtà dìde. Ehoro yìí ni ìyàwó rẹ̀ ń hun lọ́wọ́ tí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀. Kò mọ ohun tó jẹ́ títí ó fi ṣí fóònù olóògbé lẹ́yìn ìsìnkú. Ó bá fídíò ọmọ Japan kan níbẹ̀ tó ń fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ìkọ́ hun ẹranko. Amigurúmi ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Láti orí ni wọ́n ti ń hun ún, yípo yípo bí ìkarahun ìgbín, kí wọ́n tó ki òwú sí i nínú, kí wọ́n tó dí ìdí rẹ̀. Aránbàtà wá ojú ìrán títí lára àwọn ẹranko náà, kò rí ọ̀kan.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Kí n fi òwú gidi sílẹ̀ kẹ̀?" Ó wá orí òwú nídìí ehoro, ó fà á.

Òwú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ẹni bá fà á, á máa tú bí àṣírí lẹ́nu ọ̀mùtí. Ìlà kan tú. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Aránbàtà fa ọ̀bẹ tó fi ń gé awọ yọ.

"Yéè! O fẹ́ gún mi?"

Òwú tó wà láàárín wọn ló gé. Ó gba ehoro, ó ki àgékù fóòmù bàtà sí i nínú, ó mú òwú dúdú tó fi ń rán bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí ìdí rẹ̀. Ó fà á, ó le. Ó tún fà á.

"Wò ó bí ojú egbò," obìnrin náà ní. "Bí àbúrò mi bá rí i, á tún kú."

"Kò ní tú mọ́."

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́ láyé ẹ."

"Mo gbọ́. Ẹ gbé báàgì yín."

Ó ki òwú tó ti tú sínú rẹ̀, ó gbé e, ó fi ilẹ̀kùn gbá ògiri jáde.

Aránbàtà yí ehoro padà. Àwọn ìlà tí ìyàwó rẹ̀ hun kẹ́yìn ti bá báàgì lọ. Àwọn tó ṣáájú wọn ló kù.