Ojú Àsánì Lórí Bébà Tuntun

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó mọ àwòrán yà lágbègbè Ìbà nígbà náà, wọn kì í fo Ọmọ́bọ́lá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ṣọ́ọ̀bù kóńkóló kan ló ní lọ́nà Ìbà Estate, máákà ló sì fi ń ya ojú èèyàn. Àwọn sójà ojú omi a máa ti Navy Town mú fọ́tò ìyàwó wọn wá bá a.

Lọ́dún 1992, Ìyá Wàsíù tó ń ta wáyà iná ní Alábà mú fọ́tò ọkọ rẹ̀ wá, Àsánì tó ti di olóògbé. Òjò ti wọ inú àpótí tí fọ́tò náà wà, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣí.

“Ọmọ mi, fọ́tò yìí nìkan ló kù,” ni ìyá náà wí. “Bá mi yà á kó tó parẹ́. Àwọn tó kéré nínú àwọn ọmọ mi ò mọ ojú bàbá wọn.”

Ọmọ́bọ́lá ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà. Àsánì kọ pélé, ilà tín-ín-rín mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, kádíbọ́ọ̀dù tí Ọmọ́bọ́lá ń lò sì ń fa íńkì mu bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá fa ilà kan, íńkì a tàn kálẹ̀. Bó bá fa èkejì, méjèèjì a lẹ̀ pọ̀. Ó yà á, ó bàjẹ́. Ó tún un yà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àsánì dà bíi ti ẹni tí wọ́n gbá létí. Ẹ̀rù wá ń bà á. Bí òun bá lọ gbé ojú ẹlòmíràn lé opó lọ́wọ́ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọládélé, tó ń ya pláànù ilé l'Okokomaiko, ló bá a níbi tó káwọ́ lérí.

“Bọ́lá, kí ló dé? Ta ló kú?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, bébà ló fẹ́ pa mí.”

Ọládélé wo àwọn èyí tó bàjẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jáde lọ. Nígbà tó máa padà wá, ó mú àjákù bébà tó fi ń ya pláànù, èyí tó máa ń dà nù tẹ́lẹ̀, dání, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí èèyàn ń rí òdìkejì rẹ̀ bí ẹni ń wo inú kùrukùru.

“Dán eléyìí wò.”

Ọmọ́bọ́lá fa ilà kan sí igun rẹ̀. Kò tàn kálẹ̀. Ó fa èkejì, àyè wà láàrin wọn. Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ bó ṣe fi máákà búráùn kun ojú náà, àwọ̀ fọ ilà dúdú, gbogbo rẹ̀ di rúdurùdu. Ó kù díẹ̀ kó sunkún. Ó fẹ́ rún bébà náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ bá yí sókè, ló bá rí i pé ilà iwájú hàn ketekete níbẹ̀.

“Àbí ẹ̀yìn ni kí n kùn?”

Ó mú òmíràn, ó fa ilà síwájú, ó kun àwọ̀ sẹ́yìn. Ilà ò mira. Pélé Àsánì yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ọmọ́bọ́lá mí kanlẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Wàsíù dé, ó wo àwòrán náà títí. Àfi bí ìyá náà ṣe bú sẹ́rìn-ín, tí omi ń dà lójú rẹ̀.

“Bó ṣe máa ń wò mí nìyí tí mo bá pẹ́ lọ́jà! Àsánì! Ọmọ mi, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ.”

“Àmín, Mà.”

Bí ìyá náà ṣe lọ tán, Ọmọ́bọ́lá ti ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀, ó gba Okokomaiko lọ. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń pariwo:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má da àjákù bébà yín nù mọ́ o!”